Láti Oṣòdì dé Orí Òkè: Ìtàn Bí Ará Èkó Ṣe Ń Wá Atẹ́gùn Tútù

Ìfáárà

Bí ọkọ̀ èrò bá ti ń sún mọ́ Oṣòdì, igbe tí kọ̀ńdọ́ máa ń ké ni "Oṣòdì Òkè!" Àlejò tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ igbe náà lè máa wo ọ̀ọ́kán bóyá yóò rí àpáta tàbí òkè gíga kan. Kò sí òkè níbẹ̀. Orí afárá ni wọ́n ń pè ní Òkè, abẹ́ rẹ̀ sì ni Oṣòdì Ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni Oṣòdì àti Ìsọlọ̀ wà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Àwórì ti rí. Bí òjò bá rọ̀, omi kì í tètè rí ibi ṣàn gbà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, ooru a mú, atẹ́gùn a sì dákẹ́ láàrin ilé àti ọkọ̀.

Síbẹ̀, láti ìgbà tí ọ̀nà irin ti gba ibẹ̀ kọjá, Oṣòdì ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹnubodè tí ará Èkó ń gbà jáde lọ sí òkè tòótọ́. Ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń wọkọ̀ lọ sí ìhà Ìbàdàn, Ìdànrè, Èkìtì àti Jọ́ọ̀sì; pápá ọkọ̀ òfuurufú Múrítàlá Mùhámmẹ́dù kò sì jìnnà sí i. Ẹni tí ó ń gbèrò lónìí láti fi Èkó sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, kí ó lọ fi ọjọ́ méjì mí sínú lórí òkè, lè rò pé owó nìkan ni ọ̀rọ̀ náà gbà. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà tí ó wọ orí òkè náà ju ẹyọ kan lọ: ọ̀nà ẹni tí ogun lé, ọ̀nà òyìnbó tí ó ń sá fún ibà, ọ̀nà oníṣòwò tí ó wọ rélùwéè, àti ọ̀nà òṣìṣẹ́ tí ó fẹ́ sinmi. Àwọn ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a óò tọ̀ níhìn-ín, kí ó lè hàn pé ẹni tí ó ní àṣẹ àti ẹni tí ó ní àkókò ni òkè ti ń gbà láti ọjọ́ pípẹ́.

Òkè Gẹ́gẹ́ Bí Ibi Ààbò

Kí ẹnikẹ́ni tó ronú láti gun òkè nítorí ìgbádùn, ogun ni ó kọ́kọ́ lé Yorùbá gun òkè. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá fi ìlú wọn àtijọ́ sílẹ̀ tí wọ́n sì tẹ Abẹ́òkúta dó ní ọdún 1830 lábẹ́ Ṣódẹkẹ́, Olúmọ ni wọ́n sá sí abẹ́ rẹ̀. Orúkọ ìlú náà sọ gbogbo ìtàn: abẹ́ òkúta. Ní Ìbàdàn, ọdún Òkè'Bádàn ń rán àwọn ènìyàn létí òkè tí ó dáàbò bo àwọn àgbà wọn ní ìgbà ìpọ́njú. Ní agbègbè Òkè-Ìmẹ̀sí, àárín òkè àti àfonífojì ni àwọn Èkìtìparapọ̀ ti dojú kọ ogun Ìbàdàn nínú ogun Kírìjì, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 tí ẹgbẹ́ ogun méjèèjì kò sì tú ká tán títí di ọdún 1893.

Ìdànrè ni àpẹẹrẹ tí ó yani lẹ́nu jù lọ. Orí àpáta gan-an ni ìlú náà wà, tí òkè sì yí i ká bí odi tí ọwọ́ ènìyàn kò mọ. Ààfin Ọwá, ojúbọ, ilé ẹjọ́ àti ilé ìwé ni ó wà lókè níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ dé ibẹ̀ ní láti gun àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600. Gbogbo ohun tí a kò bá gbìn tàbí tí a kò bá rí lórí òkè, orí àti èjìká ni wọ́n fi ń rù ú gòkè.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé àwọn àgbà wọ̀nyí kò mọ̀ pé atẹ́gùn orí òkè tutù. Wọ́n mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n lójú wọn, òtútù náà wà lára ohun tí ènìyàn ń fara dà nítorí ààbò ni, bí ó ti ń fara dà gígùn àti sísọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ogun ti tán tí ọ̀nà ọkọ̀ sì ti ń dé ìsàlẹ̀, àwọn ará Ìdànrè kó wálẹ̀. Ọdún 1923 ni ìtàn fi sí. Wọ́n fi ààfin àtijọ́ àti ojúbọ sílẹ̀ lókè, wọ́n ń padà gòkè lọ ṣọdún, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Ìgbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ yìí gan-an ni àwọn àlejò kan ń gun òkè mìíràn kiri ní Áfíríkà àti Éṣíà, tí wọ́n ń kọ́ ilé sí i, tí wọ́n sì ń sọ ẹni tí kò gbọdọ̀ bá wọn gbé ibẹ̀.

Òkè Gẹ́gẹ́ Bí Ilé Òyìnbó

Òyìnbó tí ó ń sin ìjọba rẹ̀ ní ilẹ̀ olóoru bẹ̀rù ibà ju ọfà lọ. Kí ọ̀rúndún ogún tó wọlé, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà gbọ́ ni pé afẹ́fẹ́ burúkú tí ó ń ti inú àbàtà jáde ni ó ń fa ibà. Orúkọ tí wọ́n sì fún un, malaria, láti inú èdè Ítálì, kò ní ìtumọ̀ méjì ju afẹ́fẹ́ burúkú lọ. Bí afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ bá burú, ti òkè ní láti dára. Ìrònú yìí ni ó mú kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà sọ Simla, ìlú kan lórí òkè Himalaya, di olú ìlú ìgbà ooru ní ọdún 1864. Ní Gold Coast, tí ó di Gánà lónìí, wọ́n kọ́ ilé ìtọ́jú sí Aburi lórí òkè Akuapem ní ọdún 1875 fún àwọn aláṣẹ tí ara wọn kò yá. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ṣí ọgbà ewéko sí ní ọdún 1890.

Ní ọdún 1897, Ronald Ross rí i ní Íńdíà pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri. Ènìyàn ìbá rò pé àwárí yìí yóò mú kí wọ́n gbógun ti ẹ̀fọn níbi gbogbo fún àǹfààní gbogbo ènìyàn. Ní Freetown, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú, pàápàá àwọn ọmọdé, ni ẹ̀fọn ti ń mu ibà, nítorí náà kí òyìnbó má ṣe sùn nítòsí wọn. Wọ́n kọ́ àdúgbò kan sórí òkè, wọ́n pè é ní Hill Station, wọ́n sì la ọ̀nà irin sí i ní ọdún 1904 kí àwọn òṣìṣẹ́ òyìnbó lè máa ti ibẹ̀ wá sí ọ́fíìsì. Aláwọ̀ dúdú lè gòkè lọ ṣiṣẹ́. Kò lè ní ilé níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Freetown ni àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kó ọ̀pọ̀ Yorùbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣòwò ẹrú lọ. Àwọn ọmọ wọn ni Sàró tí ó padà wá sí Èkó àti Abẹ́òkúta, tí wọ́n di oníṣòwò, olùkọ́, agbẹjọ́rò àti dókítà. Àwọn ìbátan wọn tí ó kù sí Freetown ni ó ń wo òkè láti ìsàlẹ̀.

Èkó kò ní òkè tí wọ́n lè yà sọ́tọ̀, ó sì ní gómìnà kan tí kò fẹ́ ìyàsọ́tọ̀. Dókítà ni Sir William MacGregor kó tó di gómìnà Èkó ní ọdún 1899. Kò gbà pé kí a ya òyìnbó sọ́tọ̀ nítorí ibà. Ó ní kí a fa omi àbàtà gbẹ, kí a fún gbogbo ènìyàn ní kuníìnì, kí a sì kọ́ wọn nípa ẹ̀fọn. Ó fi ipò náà sílẹ̀ ní ọdún 1904, ọdún kan náà tí ọkọ̀ ojú irin òkè bẹ̀rẹ̀ ní Freetown. Àwọn aláṣẹ tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò tẹ̀ lé e tán: Ìkòyí di àdúgbò òyìnbó, Jọ́ọ̀sì sì di òkè ìsinmi wọn.

Rélùwéè àti Òkè Jọ́ọ̀sì

Ìgbà MacGregor náà ni wọ́n ṣí ọ̀nà irin láti Èkó dé Ìbàdàn, ní ọdún 1901. Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1896. Ó dé Jẹ́bà ní ọdún 1909, nígbà tí ó sì di ọdún 1912, ọkọ̀ ojú irin ti ń ti Èkó dé Kánò. Ọ̀nà náà gba Ẹ̀búté Mẹ́ta, Mushin, Oṣòdì, Ìkẹjà àti Agége kọjá. Ìtàn so orúkọ Oṣòdì pọ̀ mọ́ Olóyè Oṣòdì Tápà, balógun Ọba Kòsọ́kọ́, ẹni tí ó bá ọba náà lọ sí ìgbèkùn ní Ẹ̀pẹ́ ní ọdún 1851, tí ó padà sí Èkó ní ọdún 1862. Ọmọ Tápà ni, láti ìhà odò Ọya. Ọ̀nà tí ó gbé e wá sí Èkó ní kékeré jẹ́ ọ̀nà ẹsẹ̀ àti ọkọ̀ ọlọ́pọ́n; kò pé ọdún 50 lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní ọdún 1868 tí irin fi so ibi tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ àwọn bàbá rẹ̀.

Ìdí tí irin fi dé Jọ́ọ̀sì kì í ṣe atẹ́gùn. Tánganran ni. Ilẹ̀ òkè tí ó ga tó mítà 1,200 sí ojú òkun yìí ní tánganran púpọ̀ nínú, àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó sì ń fẹ́ ọ̀nà tí wọn yóò fi gbé e jáde. Ọ̀nà irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti Sàríà dé Bukuru ní ọdún 1914. Ní ọdún 1927, ọ̀nà irin ńlá gba Kafanchan dé Jọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó dé ibẹ̀ tán ni wọ́n rí i pé alẹ́ ibẹ̀ ń béèrè aṣọ òtútù, pé òdòdó ìlú wọn lè hù níbẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé ìsinmi, wọ́n ṣe pápá ìṣeré, àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní Èkó àti ibòmíràn sì ń lọ lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan níbẹ̀ nínú ìsinmi wọn.

Ọkọ̀ ojú irin kan náà ni ó gbé Yorùbá lọ. Ìyàtọ̀ wà nínú ohun tí wọ́n bá lọ. Òyìnbó gòkè lọ sinmi. Yorùbá gòkè lọ ṣiṣẹ́. Akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè, télọ̀, olùkọ́ àti oníṣòwò ni wọ́n. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ láàrin wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ìtàn òwò Jọ́ọ̀sì kò fi ṣeé sọ láìdárúkọ wọn. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ sílẹ̀, wọ́n bí ọmọ tí kò mọ òmíràn ju òkè náà lọ. Lójú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ìsinmi ni kí ó wá sí ìsàlẹ̀, sí ilé bàbá rẹ̀, nígbà ọdún.

Ẹni tí ó kù sí Oṣòdì kò lè lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì, ìbáà jẹ́ pé ó lówó ọkọ̀. Ìrìn náà ju kìlómítà 1,000 lọ lórí irin, ó gba Ìbàdàn, Ìlọrin, Jẹ́bà, Mínnà àti Kàdúná kí ó tó yà sí Kafanchan. Ọjọ́ tí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ yóò ti tán lójú ọ̀nà. Ohun tí ó dé ọ̀dọ̀ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti òkè ni pòtétò, káróòtì àti kábéèjì. Atẹ́gùn tútù kò ṣeé dì sínú agbọ̀n, ṣùgbọ́n ohun tí atẹ́gùn tútù mú hù ṣeé dì.

Ọ̀nà Ọ̀dà, Iléeṣẹ́ àti Òpin Ọ̀sẹ̀

Láàrin ọdún 1970 sí 1980, owó epo yí ojú Oṣòdì àti Ìsọlọ̀ padà. Wọ́n la ọ̀nà márosẹ̀ láti Apápá gba Ìsọlọ̀ dé Oṣòdì. Wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní ọdún 1978, wọ́n sì ṣí ilé èrò tuntun ní pápá ọkọ̀ òfuurufú ní oṣù March ọdún 1979. Ní Ìsọlọ̀, ìlú Àwórì tí Ọ̀sọlọ̀ jẹ́ ọba rẹ̀, iléeṣẹ́ gba ibi tí oko wà. Àwọn tí ń hun aṣọ ni ó lókìkí jù. Ọjà ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó ń jẹ́ Aswani títí di òní gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Lateef Jákàńdè di gómìnà ní ọdún 1979, ìjọba rẹ̀ kọ́ ilé púpọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́, títí kan èyí tí ó wà ní Ìsọlọ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ni wọ́n kọ́kọ́ ní ohun méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan: ọ̀nà tí ó já geere, àti òpin ọ̀sẹ̀ tí ó jẹ́ tiwọn. Fún ìgbà díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ènìyàn kúrò ní Oṣòdì lẹ́yìn iṣẹ́, kí ó sì ti dé Èkìtì kí òru tó jìn. Ìkọ̀gòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé láìdàpọ̀ lójú kan náà, gba àlejò láti ìlú ńláńlá. Olùkọ́ kó ọmọ ilé ìwé lọ wo Olúmọ àti Ìdànrè.

Ìrọ̀rùn náà kò pẹ́. Ọkọ̀ pọ̀ ju ọ̀nà lọ. Rélùwéè bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọjà fi gun orí irin ní Oṣòdì, tí àwọn oníṣòwò ń pa àtẹ wọn mọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń bọ̀, tí wọ́n sì ń tún un tẹ́ bí ó bá ti kọjá. Oṣòdì tí ó jẹ́ ẹnubodè wá di ibi tí ènìyàn ń lo wákàtí lórí ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ aṣọ ní Ìsọlọ̀ kógbá sílé, àwọn tí òpin ọ̀sẹ̀ jẹ́ tiwọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Sátidé àti Sọ́ńdè wá ohun tí wọn yóò jẹ.

Ní Jọ́ọ̀sì, ohun tí ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣẹlẹ̀. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù September ọdún 2001, ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2008 àti ọdún 2010. Ẹ̀mí púpọ̀ ṣòfò. Ilé, ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí jóná. Yorùbá tí ó ti gbé ibẹ̀ láti ìran dé ìran tún di ẹni tí ń ronú ibi ààbò. Òkè tí àwọn bàbá ńlá sá gùn nítorí ogun ti wá di òkè tí àwọn ọmọ ń sá sọ̀ nítorí rẹ̀.

Ìṣírò Ọjọ́ Méjì

Ọdún mẹ́wàá tí ó kọjá ti mú àyípadà díẹ̀ wá. Ìjọba ti kọ́kọ́ lé ọjà kúrò lójú ọ̀nà ní Oṣòdì ní oṣù January ọdún 2009, pẹ̀lú ìpàdánù ńlá fún àwọn tí ń jẹun níbẹ̀. Ní oṣù April ọdún 2019, wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńlá tuntun síbẹ̀, tí ọ̀kan nínú ilé rẹ̀ wà fún ọkọ̀ tí ń lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2021. Ní oṣù October ọdún 2024, ọkọ̀ ojú irin ti ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàrin Agbádó àti Oyíngbò, Oṣòdì sì wà lára ibi tí ó ń dúró. Ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ ní Oṣòdì lè dé Agége, níbi tí ti Ìbàdàn náà ti ń dúró. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, irin tún lè gbé ará Oṣòdì kúrò nínú súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ.

Ẹni tí ó bá ń ṣètò ìrìn-àjò rẹ̀ ní láti fi ojú ìṣírò wo òkè. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ sọ pé bí ènìyàn bá gun òkè ní mítà 1,000, ooru a fi nǹkan bí dígírì Sẹ́lísíọ́ọ̀sì mẹ́fà àbọ̀ dín kù. Olúmọ kò ga ju nǹkan bí mítà 137 lọ sí ojú òkun. Kò lè fi dígírì kan tutù ju Èkó lọ, bí atẹ́gùn rẹ̀ tilẹ̀ dùn nítorí pé kò sí ilé tí ó dí i. Orí òkè Ìdànrè tó nǹkan bí mítà 900. Ó lè fi dígírì márùn-ún sí mẹ́fà tutù. Jọ́ọ̀sì a fi bíi mẹ́jọ tutù, Òbúdú tí ó lé ní mítà 1,500 a sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Jọ́ọ̀sì ju kìlómítà 850 lọ sí Èkó lójú títì, ọ̀nà Òbúdú náà sì jìn gidigidi. Láìwọ ọkọ̀ òfuurufú, àárẹ̀ ọ̀nà yóò jẹ ìsinmi tán. Ìdànrè jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 300. Bí ènìyàn bá fi àkókò wọn òtútù, òkè tí kò tutù jù ni ó dára jù fún ẹni tí ó ní ọjọ́ méjì péré.

Ìkádìí

Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé ìsinmi lórí òkè kò fìgbà kan jẹ́ ọ̀rọ̀ òkè nìkan. Ní Freetown, àṣẹ ni ó dí aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́. Ní ìgbà rélùwéè, àkókò ni ó dí akọ̀wé lọ́wọ́, nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lónìí kò sí òfin tí ó sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gun òkè, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí ó ń jí ní agogo mẹ́rin kí ó tó lè kúrò ní Ìsọlọ̀, tí kò sì wọlé títí di alẹ́, ni ó nílò atẹ́gùn náà jù, òun náà sì ni ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Ọ̀nà tí ó dára àti ọjọ́ tí ó jẹ́ ti ènìyàn fúnra rẹ̀ wà lára ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́. Wọn kì í ṣe ohun afẹ́.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Fún Yorùbá tí ó bá gun àtẹ̀gùn Ìdànrè, àjò àti ilé wọ inú ara wọn. Ààfin tí ó bá lókè, ojúbọ, àti ilé ẹjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò jókòó dá ẹjọ́ nínú rẹ̀ mọ́, ti àwọn ènìyàn tí ó fi ọgbọ́n gbé ibẹ̀ ni. Atẹ́gùn tí alejò ń gbádùn ní ọjọ́ Sátidé, àwọn ni ó kọ́kọ́ fi ara dà á. Ó yẹ kí ẹni tí ó gòkè láti Oṣòdì mọ èyí kó tó sọ̀ kalẹ̀ padà, kí kọ̀ńdọ́ sì tó tún pe afárá ní òkè fún un.